Ìrántí Àgbà àti Ìwé Àkọsílẹ̀ ní Àwọn Abúlé àti Ìlú Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀nà méjì ni ìtàn àwọn abúlé àti ìlú kéékèèké ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà dé ọwọ́ àwọn òpìtàn. Ọ̀nà kìíní ni ìwé: ìwé owó orí, ìwé ilé ẹjọ́, ìwé ìjọ, ìwé ìkànìyàn àti àwòrán ilẹ̀. Ọ̀nà kejì ni ẹnu àwọn ará ibẹ̀: ohun tí bàbá sọ fún ọmọ nípa ààlà oko, nípa ìjì tó wó ilé, nípa àrùn tó pa ìdílé run, àti nípa ẹni tó ni ìjókòó wo nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ti gbọ́ ọ pé òyìnbó a máa kọ ìtàn tirẹ̀ sílẹ̀, pé Áfíríkà nìkan ni wọ́n ti ń fi ẹnu sọ ìtàn. Ọ̀rọ̀ yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún ni àwọn ará oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń tọ́jú ìtàn wọn sẹ́nu, ẹnu wọn yìí náà sì ni àwọn akọ̀wé ọba ti gba púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀.

Ìwé Domesday

Ní àkókò Kérésìmesì ọdún 1085, Ọba William Kìíní wà ní ìlú Gloucester pẹ̀lú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ará Normandy ni William. Ogun ló fi gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066, ó sì fẹ́ mọ bí ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ ti tó. Ó pàṣẹ pé kí wọ́n lọ wádìí káàkiri: ta ló ni oko wo, ohun ìtúlẹ̀ mélòó ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ọlọ omi mélòó, igbó àti pápá ìjẹko wo, àgbẹ̀ mélòó àti ẹrú mélòó, èló ni ilẹ̀ náà ń mú wọlé nígbà ayé Ọba Edward tó kú ní 1066, èló ló sì ń mú wọlé báyìí. Ní ọdún 1086, èsì wá láti ibi tó lé ní 13,000. Èdè Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìwé awọ, ìwé náà sì wà di òní yìí ní Ilé Ìpamọ́ Àkọsílẹ̀ Orílẹ̀-èdè ní Kew, ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà rí èsì náà ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fara balẹ̀ wò. Àwọn aṣojú ọba kò gbé okùn lọ wọn ilẹ̀. Ìpàdé ni wọ́n pè ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì mú àwọn tó mọ ilẹ̀ búra. Àkọsílẹ̀ kan tó kù nípa ìwádìí náà, èyí tó wá láti Ely, fi hàn pé láti abúlé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti pe àlùfáà, alábòójútó oko àti àgbẹ̀ mẹ́fà wá jẹ́rìí. Àwọn wọ̀nyí ló sọ ẹni tó ni ilẹ̀ ní ogún ọdún ṣáájú, iye tó ń pa wọlé nígbà náà, àti ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwé tí gbogbo ayé ń pè ní òpó àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rí ẹnu ará oko ló wà nínú rẹ̀. Akọ̀wé ọba kàn yí i padà sí èdè Látìn ni.

Ìwé náà ní àléébù tirẹ̀. Ìlú Lọ́ńdọ̀nù àti Winchester kò sí nínú rẹ̀. Baálé ilé ni wọ́n sábà ń kà, nítorí náà ìyàwó, ọmọ àti ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn kò hàn, òpìtàn tó bá sì fẹ́ mọ iye ènìyàn tó wà ní abúlé kan yóò ní láti fojú bù ú. Ọ̀rọ̀ owó ló bí ìwé náà, ohun tí kò bá kan owó kò sì kan akọ̀wé.

Ààlà tí wọ́n fi ìyà kọ́ ọmọdé

Kí àwòrán ilẹ̀ tó gbòde, ìrántí ni ìwé ilẹ̀. Ilẹ̀ tí ìjọ kan ń bójú tó, èyí tí wọ́n ń pè ní páríìṣì, ní ààlà, ààlà náà sì ṣe pàtàkì, nítorí òun ló ń sọ ẹni tí yóò san ìdámẹ́wàá fún àlùfáà wo àti ìjọ tí yóò bọ́ tálákà wo. Ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú àjọ̀dún Ìgòkè-re-ọ̀run lọ́dọọdún, àlùfáà, àwọn àgbàlagbà àti àwọn ọmọkùnrin abúlé máa ń rìn yí ààlà náà ká. Bí wọ́n bá dé ibi òkúta ààlà, wọ́n á gbé ọmọkùnrin kan, wọ́n á sì gbá ìdí rẹ̀ mọ́ òkúta náà, tàbí kí wọ́n nà án ní pàṣán. Bí odò kékeré bá ni ààlà, wọ́n lè jù ú sínú omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fún un ní owó tàbí àkàrà òyìnbó láti fi rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n nà nídìí òkúta kan kò ní gbàgbé òkúta náà títí tí yóò fi pé ọgọ́rin ọdún. Bí àwọn abúlé méjì bá ń du ilẹ̀, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ tó ti di arúgbó ni ilé ẹjọ́ máa ń pè wá jẹ́rìí. Ìwé ẹ̀rí àwọn arúgbó wọ̀nyí pọ̀ lọ jàra ní àwọn ilé ìpamọ́: orúkọ, ọjọ́ orí, iye ọdún tí olúwarẹ̀ ti gbé ní páríìṣì náà, àti ohun tó gbọ́ lẹ́nu bàbá rẹ̀. Òfin pàápàá fi ààlà sí bí ìrántí ṣe lè jìn tó. Òfin Westminster ti 1275 mú ọdún 1189, nígbà tí Ọba Richard Kìíní gorí oyè, gẹ́gẹ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ ohun tí ilé ẹjọ́ lè kà sí ìrántí; ohun tó bá ṣáájú rẹ̀ di àtayébáyé. Àwọn ìjọ díẹ̀ ṣì ń rin ààlà yìí dòní. Ìjọ kan ní Oxford ń ṣe é lọ́jọ́ Ìgòkè-re-ọ̀run, wọ́n sì ń ṣe é lẹ́ẹ̀kan lọ́dún mẹ́ta ní Ilé Ìṣọ́ Lọ́ńdọ̀nù.

Àpótí ìjọ

Ní 1538, Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí àlùfáà páríìṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan tí yóò máa kọ gbogbo ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Inú àpótí tó ní àgádágodo ni wọ́n ń pa ìwé náà mọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ àlùfáà, ó wà lọ́wọ́ àwọn alábòójútó ìjọ, kí ẹnì kan má baà dá a ṣí. Nǹkan bí ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ìjọba ní kí wọ́n da àwọn tí wọ́n kọ sórí bébà kọ sórí ìwé awọ, kí wọ́n sì máa fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí bíṣọ́ọ̀bù lọ́dọọdún. Títí di ọjọ́ kìíní oṣù Keje 1837, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀, kò sí ìwé mìíràn tí a ti lè rí orúkọ àwọn mẹ̀kúnnù abúlé ní tẹ̀léǹtẹ̀lé bẹ́ẹ̀.

Ojú ewé kan nínú irú ìwé yìí kò ju ìlà bí ogún lọ: ọjọ́, orúkọ, orúkọ bàbá. Ìyá kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn ní ìgbà àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ̀lé orúkọ kan láti ìsàmì dé ìgbéyàwó, láti ìgbéyàwó dé ìsìnkú, ìdílé kan á yọ. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Cambridge, tí wọ́n dá ẹgbẹ́ ìwádìí wọn sílẹ̀ ní 1964, fi ìwé páríìṣì 404 ṣírò bí iye ènìyàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe pọ̀ sí i tó sì dín kù. Ìwé tí méjì nínú wọn, E. A. Wrigley àti R. S. Schofield, kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1981. Àwọn olùfẹ́ ìtàn ìbílẹ̀, tí kò sí ẹni tó sanwó fún wọn, ló jókòó ka ìsàmì àti ìsìnkú inú ìwé wọ̀nyẹn. Láìsí wọn, iṣẹ́ náà kì bá ti ṣeé ṣe.

Ìwé ìjọ náà ní ihò tirẹ̀. Nígbà ogun abẹ́lé ti àwọn ọdún 1640, ọ̀pọ̀ àlùfáà sá, wọ́n lé àwọn mìíràn kúrò, ìwé sì dákẹ́ fún ọdún púpọ̀. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ ìjọ ìjọba, irú bí àwọn Quaker, ní ìwé tiwọn lọ́tọ̀. Ìkànìyàn tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní 1801, tí wọ́n sì ń ṣe lọ́dún mẹ́wàá mẹ́wàá, kò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ gbogbo ènìyàn káàkiri orílẹ̀-èdè títí di 1841. Lọ́dún náà, wọ́n ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa gé ọjọ́ orí ẹni tó bá ti ju ọdún 15 lọ sí ìsàlẹ̀ ní márùn-ún márùn-ún, nítorí náà ẹni ọdún 49 di ẹni ọdún 45 nínú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá mọ èyí yóò fi ọdún mẹ́rin ṣìnà lórí ìgbà tí wọ́n bí babańlá ẹnìkan. Ìkànìyàn 1931 jóná ní 1942, wọn kò sì ṣe ti 1941 rárá nítorí ogun.

Ìwé kan wà tó sún mọ́ tálákà ju gbogbo ìwọ̀nyí lọ. Òfin 1662 fún páríìṣì ní ẹ̀tọ́ láti dá àlejò tó lè di ẹrù sí wọn lọ́rùn padà síbi tó ti wá. Kí wọ́n tó lé e, àwọn adájọ́ á mú un búra, wọ́n á sì bi í léèrè: níbo ni wọ́n ti bí i, ọ̀dọ̀ ta ló ti kọ́ṣẹ́, ilé ta ló ti ṣiṣẹ́ fún odidi ọdún kan, níbo ló ti gbéyàwó? Akọ̀wé á kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi gbọ́ ìtàn ayé àwọn ènìyàn wọ̀nyí burú, nítorí kí wọ́n lè lé wọn ni. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ alágbàṣe tí kò mọ̀wé ti kù fún ìran tó ń bọ̀.

Myddle: ìtàn tó tẹ̀lé ìjókòó ṣọ́ọ̀ṣì

Kò sí ibi tí ìrántí àti ìwé ti pàdé bíi ti Myddle, páríìṣì kan ní àríwá ẹkùn Shropshire. Wọ́n bí Richard Gough síbẹ̀ ní 1635. Ó mọ òfin díẹ̀, ó ní oko tirẹ̀, ó sì mọ gbogbo ènìyàn. Láàrin 1700 sí 1702, nígbà tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, ó jókòó kọ ìtàn páríìṣì rẹ̀. Dípò kó tẹ̀lé ọdún tàbí ọba, àwòrán inú ṣọ́ọ̀ṣì ló yà, ìjókòó kọ̀ọ̀kan àti oko tàbí ilé tó ni ín. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, tó ń sọ ìtàn ìdílé tó ń jókòó síbẹ̀: ta ló bí wọn, ta ni wọ́n fẹ́, ta ló jẹ gbèsè, ta ló mutí yó títí tí oko fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló jalè, ta ló bá aládùúgbò rẹ̀ ṣẹjọ́. Àwọn ọlọ́lá wà níwájú, àwọn onílé kékeré wà lẹ́yìn, Gough kò sì fo ẹnikẹ́ni.

Bí ẹni ń rántí ojú ni iṣẹ́ yìí ṣe rí. Ẹni tó ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan náà láti kékeré kò nílò ìwé kó tó mọ ẹni tó wà níwájú rẹ̀ àti ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú onítọ̀hún. Nípa ogun abẹ́lé, tó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, Gough kọ ọ́ pé láti abúlé Myddle, Marton àti Newton nìkan, ogún ọkùnrin ló lọ jà fún ọba, mẹ́tàlá nínú wọn sì kú. Ìwé ìtàn ogun náà tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ kò ní ìṣirò bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ abúlé. Ìrántí ọmọdé ló fún wa ní ti Myddle.

Ìwé Gough wà ní àfọwọ́kọ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní 1834. Ìbéèrè tó dìde ni pé ṣé a lè gbẹ́kẹ̀ lé arúgbó tó ń sọ̀rọ̀ aládùúgbò? Òpìtàn David Hey gbé ọ̀rọ̀ Gough kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ìsàmì, ìwé ìhágún àti ìwé oko, ó sì tẹ ìwádìí rẹ̀ jáde ní 1974. Ohun tó rí ni pé Gough ṣeé gbára lé. Ibi tí ìwé ìjọ ti sọ pé wọ́n sin ẹnìkan, Gough sọ ohun tó pa á àti ohun tó ṣẹlẹ̀ sí oko rẹ̀ lẹ́yìn náà. Ẹ̀yà ìtàn méjèèjì nílò ara wọn, Myddle sì ni ẹ̀rí tó dára jù lọ fún èyí.

Eyam: àrùn, òkúta àti ohun tí ìran kọ̀ọ̀kan fi kún un

Eyam jẹ́ abúlé kan láàrin àwọn òkè Derbyshire. Ní ìparí oṣù Kẹjọ 1665, wọ́n kó aṣọ kan dé láti Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí àjàkálẹ̀ àrùn ti ń pa ènìyàn lọ bẹẹrẹ nígbà náà, sí ilé tí aránṣọ kan tó ń jẹ́ George Viccars ń gbé. Aṣọ náà tutù. Viccars sá a síwájú iná. Ní ọjọ́ keje oṣù Kẹsàn-án, wọ́n sin ín. Àwọn ará ilé àti aládùúgbò tẹ̀lé e. Nígbà tí ó di oṣù Kẹfà 1666, àlùfáà ìjọ, William Mompesson, pẹ̀lú Thomas Stanley tó ti jẹ́ àlùfáà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, pe àwọn ará abúlé jọ, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni kò ní jáde kúrò ní ààlà, kí àrùn náà má baà ràn dé àwọn ìlú tó yí wọn ká. Wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń jọ́sìn ní ìta gbangba. Àwọn ará abúlé mìíràn ń gbé oúnjẹ wá sídìí òkúta ààlà, àwọn ará Eyam sì ń fi owó sílẹ̀ nínú ihò òkúta tó ní ọtí kíkan, nítorí wọ́n gbà pé ọtí kíkan ń pa àrùn.

Àwọn ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ìwé gbè lẹ́sẹ̀. Orúkọ àwọn òkú wà nínú ìwé ìsìnkú ìjọ. Nǹkan bí 260 ni iye tí wọ́n sábà ń dá. Lẹ́tà tí Mompesson kọ nígbà náà ṣì wà; ìyàwó rẹ̀, Catherine, kú ní oṣù Kẹjọ 1666. Ibojì àwọn Hancock wà lórí pápá ní ẹ̀yìn abúlé. Láàrin ọjọ́ mẹ́jọ ni Elizabeth Hancock sin ọkọ rẹ̀ àti ọmọ mẹ́fà pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní kí a bù mọ́ ọn, kò sì yẹ kí a bù kúrò níbẹ̀.

Àwọn ohun mìíràn wá láti ẹnu. Ìtàn Emmott Sydall, ọmọbìnrin Eyam tó ń yọjú sí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ láti òkèèrè nítorí ààlà, ni gbogbo àlejò máa ń gbọ́ níbẹ̀. Emmott wà nínú ìwé ìsìnkú, ní oṣù Kẹrin 1666; ìtàn ìfẹ́ náà, ẹnu ló gbé e wá. Ohun kan tún yẹ ní wíwò níhìn-ín: oṣù Kẹrin ṣáájú oṣù Kẹfà tí wọ́n ti abúlé pa. Bí àwọn méjèèjì bá ń yẹra fún ara wọn nígbà náà, ìbẹ̀rù tiwọn ló fà á. Abúlé kò tíì fi òfin dè wọ́n. Nípa iye ènìyàn tó ń gbé abúlé náà, ìtàn àtijọ́ sọ pé 350 ni wọ́n, pé 83 péré ló kù. Àwọn olùwádìí òde òní ti takò ó; nǹkan bí 800 ni wọ́n fi iye àwọn ará abúlé sí, àwọn tó yè sì lé ní 400. Ìwé tí William Wood, ọmọ abúlé náà, tẹ̀ jáde ní 1842 ló mú ìtàn àwọn àgbà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun náà ló sì mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa sọ ọ́ bí Wood ti sọ ọ́. Òpìtàn Patrick Wallis fi hàn ní 2006 bí ìran kọ̀ọ̀kan ṣe tún ìtàn Eyam ṣe láti bá àìní tirẹ̀ mu. Èyí kò sọ àwọn ará Eyam di òpùrọ́. Wọ́n kú lóòótọ́, wọ́n sì dúró lóòótọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹjọ lọ́dọọdún, abúlé náà ṣì ń ṣe ìsìn ìrántí wọn.

Ìlú Coventry fi hàn bí irú àfikún bẹ́ẹ̀ ṣe lè pẹ́ tó. Godiva jẹ́ ènìyàn gidi, ìyàwó Leofric, ìjòyè ńlá tó kú ní 1057. Àwọn méjèèjì ló dá ilé àwọn mọ́ńkì sílẹ̀ ní Coventry ní 1043, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú Ìwé Domesday gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ní ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn pé ó gun ẹṣin ní ìhòòhò la ọjà kọjá kí ọkọ rẹ̀ lè dín owó orí kù, kò sí nínú ìwé kankan títí di ọ̀rúndún kẹtàlá. Tom tó yọjú wò ó tí ojú rẹ̀ sì fọ́ tún wọlé lẹ́yìn náà, ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún. Ohun tí ìtàn náà jẹ́rìí sí ni bí àwọn ará Coventry ṣe kórìíra owó orí tó. Kò jẹ́rìí sí ohun tí Godiva ṣe.

Àwọn abúlé tó parẹ́

Ní Wharram Percy, ní ẹkùn Yorkshire, ògiri ṣọ́ọ̀ṣì kan tó ti wó dá dúró láàrin pápá. Ìtàn tó wọ́pọ̀ nípa irú ibi bẹ́ẹ̀ ni pé àjàkálẹ̀ àrùn ńlá ti 1348 sí 1349 ló pa gbogbo ará ibẹ̀. Maurice Beresford àti John Hurst wa ilẹ̀ náà láti 1950 dé 1990, wọ́n sì rí ìpìlẹ̀ ilé, ohun èlò, àti egungun ènìyàn tó sún mọ́ 700. Ìwé àti ilẹ̀ fi ohùn kan sọ pé abúlé náà wà lẹ́yìn àrùn fún ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àgùntàn ló lé wọn. Irun àgùntàn ń pa owó ju ọkà lọ, onílẹ̀ sì rí i pé darandaran kan ń jẹ́ kí òun lè ṣe láìní àgbẹ̀ púpọ̀. Ní nǹkan bí 1500, àwọn ìdílé tó kù lọ. Ó rọrùn láti di ẹ̀bi irú èyí ru àrùn, nítorí àrùn kò ní orúkọ ìdílé.

Òkun ló gbé Dunwich ní ẹkùn Suffolk. Èbúté ńlá ni láyé àtijọ́, ìwé Domesday sì ti sọ ọ́ ní 1086 pé òkun ti gbé apá kan ilẹ̀ oko ibẹ̀ lọ. Ìjì láàrin 1286 sí 1328 di ẹnu èbúté náà pa. Ṣọ́ọ̀ṣì tó kẹ́yìn nínú àwọn ti àtijọ́ wó sínú òkun díẹ̀díẹ̀ láàrin 1904 sí 1919. Àwọn ará etíkun sọ pé bí ìjì bá ń bọ̀, agogo àwọn ṣọ́ọ̀ṣì náà máa ń dún lábẹ́ omi. Títí di 1832, ìlú tó ti wọ inú omi yìí ṣì ń rán aṣòfin méjì lọ sí ilé ìgbìmọ̀, èyí tí í ṣe ìwà ìrẹ́jẹ gbangba sí àwọn ìlú ńlá tí kò ní ẹyọ kan.

Ní oṣù Kejìlá 1943, ìjọba kó gbogbo ará Tyneham ní Dorset àti Imber ní Wiltshire kúrò kí àwọn ológun lè máa kọ́ ogun jíjà níbẹ̀. Àwọn ènìyàn náà gbà pé bí ogun bá parí àwọn yóò padà. Wọn kò padà. Ìrántí tó kù lọ́wọ́ àwọn ọmọ wọn, àwòrán, orúkọ ilé àti orúkọ àwọn ọmọ ilé ìwé, ni wọ́n fi tún ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì Tyneham ṣe fún àwọn tó ń wá wò ó lónìí.

Àwọn tó lọ jókòó ti àgbà

Ní 1948, Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì Leicester dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìtàn ìbílẹ̀ sílẹ̀, W. G. Hoskins sì ni olórí rẹ̀. Lọ́dún kan náà ni George Ewart Evans, òǹkọ̀wé ọmọ Wales, kó lọ sí Blaxhall ní Suffolk, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti rí iṣẹ́ olùkọ́. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ jẹ́ arúgbó tí wọ́n ti fi ẹṣin túlẹ̀, tí wọ́n ti fi ọwọ́ gé ọkà. Evans bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn jókòó. Wọ́n sọ fún un bí àwọn olùkórè ṣe ń yan olórí tó ń bá olóko dúnàádúrà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ń dún láàárọ̀ kí àwọn obìnrin àti ọmọdé tó lè wọ oko lọ pèéṣẹ́, tó sì tún ń dún nírọ̀lẹ́ kí wọ́n jáde, kí ẹni tó yára má baà rẹ́ ẹni tó lọ́mọ lẹ́yìn jẹ. Evans rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn arúgbó yìí ń lò wà nínú ìwé tí Thomas Tusser kọ nípa iṣẹ́ oko ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Ìwé rẹ̀, Ask the Fellows Who Cut the Hay, jáde ní 1956. Ní 1973, àwọn onímọ̀ dá Ẹgbẹ́ Ìtàn Àtẹnudẹ́nu sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ohun tí Evans ti ń ṣe ní abúlé sì di ẹ̀kọ́ ní yunifásítì.

Brighton, 1862

Ìwé ìgbéyàwó ìlú kan ní etíkun gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan àwọn Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹjọ 1862, ní Ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas ní Brighton, James Pinson Labulo Davies, oníṣòwò tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ Yorùbá tó wà ní Sàró, gbé Sarah Forbes Bonetta níyàwó. Ìyàwó náà ń jẹ́ Ina nínú ìwé náà, ṣáájú Sarah. Kò sí Yorùbá tó máa rí i tí kò ní mọ̀ pé Àìná ni. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ló mú un lẹ́rú nígbà tí wọ́n kó Òkè-Ọ̀dàn ní 1848. Ọ̀gágun ojú omi Frederick Forbes ló gbà á lọ́wọ́ Ọba Gezo ti Dahomey ní 1850, tó sì mú un dé ọ̀dọ̀ Ọbabìnrin Victoria. Ìwé ìgbéyàwó kò sọ èyíkéyìí nínú ìyẹn. Ìwé tí Forbes kọ ní 1851 ló sọ díẹ̀, orúkọ tí ọmọ náà kò jẹ́ kó sọnù ló sì sọ ìyókù.

Òfin Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti 1978 ní kí àwọn ìwé ìjọ tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún lọ sí ilé ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ẹkùn, àyàfi bí ìjọ bá ní ibi tó péye láti tọ́jú wọn. Bedfordshire ló kọ́kọ́ dá irú ilé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ní 1913. Ó ti tàn káàkiri báyìí. Ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ìran rẹ̀ tàbí ìtàn abúlé kan lè wọlé síbẹ̀. Kí ó mú orúkọ, páríìṣì àti ọdún dání, kó sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀, nítorí láìsí ohun mẹ́ta yìí, wíwá orúkọ nínú àwọn ìwé náà ṣòro gan-an.